Ìyọ̀ǹda fún Ọdún Kejì

Àsmá'ù ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Òun àti Monísọ́lá jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Decatur, wọ́n sì jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Àsmá'ù kì í rẹ́rìn-ín bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe ń sọ fún dókítà pé ìfúnpá aláìsàn ti lọ sókè, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́ fún mi: "Mummy Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ kí kọ̀ǹpútà." Mo ní kí ni kọ̀ǹpútà wá wí. Ó ní kọ̀ǹpútà ò rí i. Nígbà tí mo bá Monísọ́lá fúnra rẹ̀ pàdé, òun ló sọ ìyókù, bí ó sì ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Lilburn ni Monísọ́lá àti ọkọ rẹ̀, Nathaniel Ọláníyọnu, ń gbé. Nathaniel ni ọ̀gá àwọn tó ń to ẹrù ní ilé ìkẹ́rù ńlá kan ní Suwanee. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ṣìkẹ́mi, ọmọ ogún ọdún. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló gbọ́njú sí, ibẹ̀ ló sì ti wọ yunifásítì. Nígbà tí ó délé lọ́jọ́ kan tí ó ní èdè Ṣáínà ni òun fẹ́ kọ́, bàbá rẹ̀ bi í bóyá èdè Ṣáínà ń wo aláìsàn sàn. Ó ní rárá. Bàbá rẹ̀ ní ó dáa, òun kàn bèèrè ni.

Ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì, ó lọ sí Hangzhou fún ọdún kan. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń pe ilé lórí fídíò. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ ní Lilburn, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ pé kí wọ́n fi òun sáàárín àwọn ọmọ Ṣáínà, wọ́n sì fi í sínú yàrá tí wọ́n ti jẹ́ mẹ́rin. Òkè ni bẹ́ẹ̀dì kálukú wà, tábìlì ìkàwé rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí aago mọ́kànlá bá ti lù, wọn a pa iná gbogbo ilé. Ilé ìwẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kálukú á gbé agbọ̀n ọṣẹ rẹ̀ dání, á wọ sílípáàsì, á lọ tò sórí ìlà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ aṣọ. Láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, wọn a gbé fúláàsì lọ pọn omi gbígbóná níbi ẹ̀rọ tó ń se é, omi yẹn ni wọ́n á sì máa mu títí di alẹ́. Lọ́sàn-án, gbogbo ènìyàn á gbé orí lé tábìlì, wọn a sùn.

Nathaniel gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán ní Sátidé kan.

"Èyí tí ò ń sọ yìí," ó ní, "boarding house ni."

"Kì í ṣe boarding house, Daddy. University ni."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà ní boarding house ní Ìkirè. Mo mọ̀ ọ́n bí ó bá ń bọ̀ lókèèrè. Nítorí kí ọmọ tèmi má baà gbé garawa ni mo ṣe wá sí Amẹ́ríkà. Ọmọ wá wọ bàálù, ó lọ gbé garawa ní Ṣáínà."

"Kì í ṣe garawa. Flask ni."

"Ṣé omi wà nínú ẹ̀?"

"Omi wà nínú ẹ̀."

"Garawa ni."

Lọ́dún náà Monísọ́lá ra aago kejì, ó gbé e kọ́ ilé ìdáná, ó yí i sí aago Hangzhou. Bí ó bá ń fún aláìsàn lóògùn ní Decatur, ó mọ̀ bóyá ọmọ òun ń sùn ni tàbí ó ń jẹun. Ìgbà kan wà nínú òtútù tí ibà mú Ṣìkẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ ló sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó pe ilé. Ọdún méjìlélógún ni Monísọ́lá ti fi ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ ọlọ́mọ láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ọjọ́ yẹn, ó fọwọ́ kan fóònù. Fóònù náà gbóná, nítorí ó ti ń gba iná láti òwúrọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Ṣìkẹ́mi délé ní oṣù kẹfà, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́ Hangzhou ti fún òun ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún kejì níbẹ̀, Monísọ́lá ní "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó sì wọ inú yàrá lọ jókòó.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, Ṣìkẹ́mi wí. Olùkọ́ Lin, ẹni tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè, fẹ́ bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kí lo ṣe?" Nathaniel bi í.

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í gba ẹnikẹ́ni fún ọdún kejì láìjẹ́ pé àwọn òbí ẹ̀ fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà."

"Ìwọ, ọmọ ogún ọdún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy."

Nathaniel wo ìyàwó rẹ̀. Ní yunifásítì ti Georgia níbí, ìgbà tí Monísọ́lá béèrè máàkì ọmọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè sọ fún un, àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní òun ló bí akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kí i kú oríire.

"Olùkọ́ yẹn gbọ́n," Nathaniel wí.

Nígbà tí ọmọ ti jáde, ó ti ilẹ̀kùn. "Màá sọ fún un pé rárá," ó ní. "Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni o, ọdún kan ti tó. Ìwọ jókòó tì mí. Èmi ni màá sọ ọ́."

Ọkàn Monísọ́lá balẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ òun wà nílé, kò sì fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ tó lè sọ pé rárá, ó ti ní ohun gbogbo.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n fi àdéhùn sí. Wọ́n gbé laptop sórí tábìlì ìjẹun, wọ́n to àga méjì síwájú rẹ̀, Ṣìkẹ́mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ láti máa túmọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí Olùkọ́ Lin gbọ́ kò ju kí ènìyàn kí ènìyàn lọ. Nathaniel wọ kóòtù. Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òru, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka Sáàmù.

Àwọn méjèèjì ń retí ọmọdébìnrin kan tó wọ jíǹsì. Ojú fídíò là, ìyá arúgbó kan ni wọ́n rí. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì wọ awò ojú tó so okùn mọ́ ọrùn.

Ẹnu Nathaniel ti là láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ara ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí orí tó mọ̀ ọ́n. Kí Monísọ́lá tó yíjú, ọkọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, òun náà sì bá ara rẹ̀ lórí eékún.

"Ẹ káàárọ̀, mà," Nathaniel wí láti abẹ́ tábìlì.

"Alẹ́ ni níbẹ̀," Monísọ́lá wí.

"Ẹ káalẹ́, mà."

Ohùn Olùkọ́ Lin wá láti òkè. Ṣìkẹ́mi bojú wo ilẹ̀. "Wọ́n ní níbo ni àwọn òbí mi wà. Wọ́n ní àga méjì ni àwọn ń rí."

"Sọ fún wọn pé a wà nílẹ̀."

Ṣìkẹ́mi sọ ọ́. "Wọ́n ní ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Ṣàlàyé fún wọn!"

Ṣìkẹ́mi ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà Olùkọ́ Lin dìde dúró kí ó lè tẹrí ba fún wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni Nathaniel àti Monísọ́lá padà sórí àga, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì rí. Nathaniel kí bọ́tìnnì náà.

Nígbà tí gbogbo wọn ti jókòó tán, Olùkọ́ Lin ṣí ìwé kékeré kan. Ó ní kí òun tó béèrè ohunkóhun, ó yẹ kí òun fi ẹjọ́ ọmọ sun àwọn òbí rẹ̀. Ṣìkẹ́mi ló sì ní láti túmọ̀ ẹjọ́ ara rẹ̀.

"Wọ́n ní mi kì í wọ aṣọ tó nípọn nígbà òtútù."

"Mo sọ ọ́!" Nathaniel wí.

"Wọ́n ní mo máa ń fi irun tútù jáde síta. Wọ́n ní ní ìbẹ̀rẹ̀, omi yìnyín ni mò ń mu, àwọn ló gbà á lọ́wọ́ mi." Ṣìkẹ́mi dákẹ́.

"Wọn ò tíì dákẹ́," ìyá rẹ̀ wí. "Ẹnu wọn ṣì ń lọ."

"Wọ́n ní mo máa ń jiyàn."

"Ẹ ṣeun, mà," Nathaniel wí fún laptop. Ó ti sún àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú. "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ máa bá a wí. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ẹ fa etí ẹ̀, mà. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fa etí ẹ."

"Daddy."

"Túmọ̀ ẹ̀."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ Lin rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó pa ìwé náà dé, ó wá béèrè ohun tí ó torí rẹ̀ pè: ṣé bàbá gbà kí ọmọ padà wá?

Nathaniel wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ènìyàn ti dọ̀bálẹ̀ fún, tí ewú kún orí rẹ̀, tí ó tún ti bá ènìyàn bá ọmọ wí, ojú wo ni ènìyàn á fi wò ó láti ní rárá? Monísọ́lá rí i bí ọ̀rọ̀ tó ti ṣètò láti òru ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá gbà, mà," Nathaniel wí.

Monísọ́lá yíjú sí i. Ọkọ rẹ̀ ń wo fáànù òkè àjà.

"Wọ́n ní ìyá ńkọ́?" Ṣìkẹ́mi béèrè.

Kò sí ibi tí Monísọ́lá lè sá sí. Ọkọ wà lápá ọ̀tún, ọmọ wà lápá òsì, àgbàlagbà wà níwájú.

"Sọ fún wọn pé mi ò fẹ́."

"Mummy."

"Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí o sọ ọ́."

Monísọ́lá kò gbọ́ Ṣáínà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ náà sọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kúrú, ohùn ọmọ náà sì já ní ìparí rẹ̀. Olùkọ́ Lin yọ awò ojú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn gbọ́," Ṣìkẹ́mi wí. "Wọ́n ní bí ìyá ò bá fẹ́, àwọn ò ní gbà mí. Àyè mi ṣì máa wà nílẹ̀ títí di Sátidé tó ń bọ̀, bóyá ẹ máa yí ọkàn padà."

Ó pa laptop dé, ó gbé àga kẹta padà sí àyè rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mummy. Ẹ ṣeun, Daddy," ó sì gòkè lọ.

"Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́," Monísọ́lá wí.

"Irun orí wọn funfun."

"Ẹ ò mọ̀ pé olùkọ́ lè ní ewú?"

"Mo rò pé olùkọ́ orí fídíò ni."

Láti ọjọ́ náà, Ṣìkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ìyá rẹ̀ ti múra sílẹ̀ de ẹkún, ó ti múra de ilẹ̀kùn tí wọ́n á fi agbára tì. Kò rí ọ̀kankan. Bí wọ́n bá ní kí ó wá, á wá. Bí wọ́n bá ní kí ó jẹ ilá, á jẹ ẹ́, ọmọ tí kì í fẹnu kan ilá láti kékeré. "Yes, Mummy." Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìtajà bàtà kan lójú títì Lilburn, kí ó má baà jókòó lásán títí ilé ẹ̀kọ́ ti Georgia á fi wọlé.

Láàárọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ti dìde, ó ti se omi, ó ti rọ ọ́ sínú fúláàsì. Ó ń fi ọwọ́ fọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Lọ́sàn-án, á gbé orí lé tábìlì ìjẹun, á sùn fún ogún ìṣẹ́jú, á jí, á nu tábìlì. Monísọ́lá tó wà nílé lọ́jọ́ Túsìdeè dúró tì í níbi tó ti ń sùn. Ó dà bí ẹni pé àlejò kan ló sọ̀ sí ilé wọn, àlejò tó mọ ìwà hù, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dé.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó sọ ọ́ fún Àsmá'ù níbi tí wọ́n ti ń jẹun.

"Ọmọ mi ń gbọ́ràn."

"Alhamdulillah," Àsmá'ù wí.

"Kò tíì bá mi jiyàn láti Sátidé."

Àsmá'ù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé ara ẹ̀ yá?"

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."

Àsmá'ù ronú sí i. "Nígbà tí ìwọ náà ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ta lo gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Màámi."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ."

"Ṣé wọ́n fẹ́ kí o lọ ni?"

Monísọ́lá ṣí ike oúnjẹ rẹ̀, ó wò ó, ó tún pa á dé. "Mi ò bi wọ́n," ó wí.

Aláìsàn kan tẹ aago, Àsmá'ù dìde, ó lọ dá a lóhùn. Ọdún mọ́kànlá ti kọjá tí ìyá Monísọ́lá ti kú. Kò sí ẹni tí wọ́n lè bi mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, bí wọ́n ṣe jẹun tán, Monísọ́lá gbé aṣọ gbígbẹ gòkè. Ó gbọ́ ẹ̀rín láti inú yàrá Ṣìkẹ́mi. Ọmọ náà ń bá àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ ti Hangzhou sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń sọ Ṣáínà wàràwàrà, ó ń jiyàn, ó ń já lu ọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí èémí rẹ̀ ń tán. Ogún ọdún ni Monísọ́lá ti ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yìí. Kò gbọ́ irú èyí rí. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí aṣọ fi wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà dá dúró bí ìgbà tí ènìyàn pa iná.

"Yes, Mummy?"

"Aṣọ rẹ nìyí."

"Ẹ ṣeun, Mummy."

Òwúrọ̀ Fúráìdeè, Nathaniel ti lọ sí Suwanee, Ṣìkẹ́mi sì ti jáde lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa iṣẹ́ bàtà. Monísọ́lá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù rẹ̀ lè túmọ̀ èdè, Nathaniel ti fi hàn án rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ lé fóònù lọ́wọ́. Ó gbé laptop kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó wo àwòrán ara rẹ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi rí i pé eékún òun hàn. Nígbà náà ni ó pe Olùkọ́ Lin.

Ìyá àgbà náà jáde sójú fídíò. Ó ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́. Ó rí Monísọ́lá lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan ṣoṣo ni Monísọ́lá mọ̀. Odidi ọdún kan ló fi gbọ́ ọ lẹ́nu Ṣìkẹ́mi lórí fóònù, ó sì ti bi í léèrè nígbà kan, ọmọ náà ní "Ó dáa" ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Háò," Monísọ́lá wí.

Olùkọ́ Lin wò ó. Ó béèrè nǹkan kan, háò náà wà nínú rẹ̀.

Monísọ́lá nawọ́ sí àwòrán Ṣìkẹ́mi lára ògiri. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sí Olùkọ́ Lin. "Háò," ó tún wí. Nígbà tí èyí ti jáde, kò rí ìdí tí òun ò fi ní sọ ìyókù, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá. "Ẹ má jẹ́ kí ó mu omi yìnyín, mà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ kejì. Bí ó bá jiyàn, ẹ jẹ́ kó jiyàn díẹ̀."

Olùkọ́ Lin ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ó fa ìwé kékeré yẹn yọ, ó kọ nǹkan sí i, ó pọ̀. Ohun tí ó kọ, Monísọ́lá kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ọ̀sán ni Ṣìkẹ́mi wọlé. "Wọ́n gbà mí síṣẹ́, Mummy. Mọ́ńdè ni màá bẹ̀rẹ̀."

"O ò ní bẹ̀rẹ̀."

"Yes, Mummy." Ó bọ́ bàtà tán kí ó tó dúró. "Kí ló dé?"

"Mo ti bá Olùkọ́ Lin sọ̀rọ̀."

"Ta ló túmọ̀?"

"Kò sẹ́ni."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní háò."

Ṣìkẹ́mi fọwọ́ bo ẹnu. Omi lé sójú rẹ̀. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, Mummy. Ohùn ẹ̀ máa wálẹ̀ ná, kó tó gòkè."

"Olùkọ́ rẹ gbọ́ ọ."

"Wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni!"

"Ó dáa. Pè wọ́n, kí o bi wọ́n."

Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ títí Nathaniel fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n gbé e lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Nathaniel ra súwẹ́tà mẹ́ta fún un nínú ooru Atlanta, ẹni tó ń tà á bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó gbàdúrà nínú mọ́tò, àdúrà náà gùn, ó sì dárúkọ Olùkọ́ Lin lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ẹni tí kò rìnrìn àjò kò lè kọjá, Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀, ó dìde, ó dì mọ́ wọn, ó tò sórí ìlà.

Monísọ́lá ti múra láti juwọ́. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ìbàdí kí ó má baà pẹ́ kí ó tó gbé e sókè.

"Ó máa bojú wẹ̀yìn," Nathaniel wí.

Monísọ́lá ń wo ìlà náà.

Bàbá àgbà kan àti ìyàwó rẹ̀, ará Ṣáínà, wà níwájú Ṣìkẹ́mi. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé báàgì sí, ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ń fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo mọ́ wọn. Ṣìkẹ́mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń rojọ́, ó ń nawọ́ sí bàtà, Ṣìkẹ́mi sì ń dá a lóhùn, ó ń mi orí. Ìlà sún. Ó gba báàgì lọ́wọ́ ìyá náà, ó gbé e kọ́ èjìká kejì, ó mú un ní apá, ó bá wọn wọlé lọ, kò bojú wẹ̀yìn.